Ọ̀rọ̀ Tí Ẹ̀gbọ́n Kì í Pè

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Kẹfà

Òjò ti ń rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sì dá títí a fi gbé Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé láti ilé ìwòsàn. Orúnkún òsì mi ti sọ fún mi láti àná. Ó mọ̀ nípa òjò ju àwọn tó ń sọ ọ́ lórí rédíò lọ. A gbé wọn gun àtẹ̀gùn iwájú ilé lórí àga onítáyà, èmi níwájú, ìyàwó mi lẹ́yìn, Ẹ̀gbọ́n láàárín bí ọba tí àwọn tó ń gbé e kò wù ú.

Àrùn rọpárọsẹ̀ yìí mú apá ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún díẹ̀, àmọ́ ẹnu ló mú jù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù síbẹ̀: "Ó tó." A bu tíì fún wọn: ó tó. A ṣí fèrèsé: ó tó. Ìyàwó mi ní, "Ọkọ mi, ṣé kí n fi aṣọ bò yín lẹ́sẹ̀?" Wọ́n ní ó tó, wọ́n sì fi ọwọ́ òsì fa aṣọ náà bora.

Obìnrin tó gbẹ̀bí ìdajì àdúgbò yìí, tó ń pàṣẹ fún dókítà bí ẹni ń rán ọmọ níṣẹ́! Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èdè. Mo ti rí ọmọ tó ń sá fún ọ̀rọ̀. N kò rí àgbà tí ọ̀rọ̀ sá fún rí.

Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù Kẹfà

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ obìnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn lọ́rọ̀ sísọ. Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ ni mo ń pè é. Ọmọlúàbí ni, ó ní sùúrù, ṣùgbọ́n ó gbé páálí aláwòrán jáde: bọ́ọ̀lù, ife, bàtà.

"Ìyá, kí lèyí? Bọ́... bọ́..."

Ẹ̀gbọ́n wo bọ́ọ̀lù. Wọ́n wo Olùkọ́ Ọ̀rọ̀. Wọ́n fi ìka òsì da páálí náà dojú bolẹ̀, wọ́n sì di ojú wọn. Láti ibẹ̀ dé ilé, "ó tó" pàápàá kò jáde mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù Kẹfà

Kò sí gbólóhùn kan láti Ọjọ́bọ̀. Ojú ògiri ni wọ́n kọ sí látàárọ̀ dalẹ́.

Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ pè mí lórí fóònù. "Bàbá, mi ò ní parọ́ fún yín. Àwọn tó ń dúró de àyè lọ́dọ̀ mi pọ̀. Tí Ìyá ò bá bá mi sọ nǹkan kan kí oṣù Keje tó parí, wọn á gbé àyè wọn fún ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ tá ò bá sì tètè pè padà, ó máa ń rìn jìnnà."

Mo ní, "Bọ́ọ̀lù yẹn ni wọn ò fẹ́, Olùkọ́. Kí ni kí n mú wá dípò rẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ tiwọn. Ohun tí wọ́n ti sọ títí tó fi mọ́ wọn lẹ́nu bí orin, pàápàá nígbà tí nǹkan bá le. Àá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹnu wọn á sì fẹ́ parí ẹ̀."

Mo jókòó, mo ronú. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n tó mọ́ èmi létí jù láti kékeré ni "Gbé ẹsẹ̀ ẹ kúrò lórí àga." N kò rò pé ìyẹn lè wo ẹnikẹ́ni sàn.

Ìyàwó mi ló ní, "Kọ̀ǹpútà wọn ńkọ́?" Òótọ́ ni. Látìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ti ń tẹ ẹ̀kọ́ àti ìtàn iṣẹ́ wọn síbẹ̀ fún àwọn agbẹ̀bí tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọjọ́rú, 11 oṣù Kẹfà

Mo ṣí kọ̀ǹpútà náà. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí ogun àwọn fáìlì! Orúkọ tí Ẹ̀gbọ́n sọ wọ́n nìyí: "Èyí". "Èyí gan-an". "Má pa á rẹ́". "Tuntun". "Tuntun ti tẹ́lẹ̀". "Bi mí kí o tó ṣí i". Ta ni kí n bi báyìí?

Mo ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí Alága ẹgbẹ́ àdúgbò wá kí aláìsàn. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Tíṣà, ní ti ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé, ohun tó jẹ mí lógún ni pé ká kọ́kọ́ gbé ìgbìmọ̀ alábẹ́ṣékélé kan kalẹ̀ tí yóò ṣe àgbéyẹ̀wò fínnífínní sí ìlànà tí a ó gbà ṣe àwárí."

Mo ní mo gbọ́. Mo fi í jẹ alága ìgbìmọ̀ náà lójú ẹsẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó sì lọ ilé.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù Kẹfà

Mo ranṣẹ́ pe obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìkóríta. Ó dé tòun ti àgboòrùn tó ti ṣẹ́. Ó fi nǹkan kan sínú ẹ̀rọ náà tó ń jẹ́ awárọ̀: àpótí funfun tínrín, kò ju ìlà kan lọ, kò ní ọ̀ṣọ́ kankan.

"Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá ń wá síbí, bàbá. Gbogbo fáìlì tó wà níbẹ̀ ló máa wò, á sì kó ìlà tó ti wà jáde fún yín. Mo ti sọ fún un pé kó má wo àmì ohùn, torí Ìyá ò fi sí i."

Ìyẹn dùn mí gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè, àmọ́ mo gbé e mì.

"Ó mà gbọ́n o."

"Kò gbọ́n rárá, bàbá. Ojú ló ní. Tẹ́ ẹ bá kọ 'ilé', tí wọ́n ti kọ 'ibùgbé' níbẹ̀, ẹ̀yin àti wọn ò ní pàdé láyé."

Mo dán an wò pẹ̀lú "ọmọ". Nínú ìwé agbẹ̀bí! Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í ya jáde bí eéṣú, kọ̀ǹpútà ń mí hẹlẹ, ó sì dákú. Obìnrin náà wò mí bí mo ṣe máa ń wo ọmọ tó bá da yíǹkì sórí tábìlì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù Kẹfà

Ohun tí mò ń wá ti yé mi báyìí: kí ni Ẹ̀gbọ́n máa ń sọ fún obìnrin tó ń rọbí nígbà tó bá le dé góńgó, tí onítọ̀hún bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn kó máa lọ sílé rẹ̀? Bí ẹnu wọn bá rántí ohunkóhun, ìyẹn ló máa rántí.

Mo kọ "ìgboyà". Kò sí. Mo kọ "ìfaradà". Kò sí. Mo kọ "ìtùnú", mo kọ "ìpamọ́ra", mo tilẹ̀ kọ "àmúmọ́ra". Kò sí, kò sí. Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé Ẹ̀gbọ́n kì í wọ agbádá wọ yàrá ìbímọ.

Mo wá sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀rọ̀ lásán. Mo kọ "ìrora".

Kò sí.

Mo rò pé ẹ̀rọ ti tún dákú. Mo kọ "ibùsùn", ó kó wọn jáde rẹpẹtẹ. Mo kọ "ìrora" lẹ́ẹ̀kan sí i. Òfìfo ni. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó dúró ti ìrora lọ, láàárọ̀, lọ́sàn-án, fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kò kọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ìgbà tí èèyàn wá "ẹja" nínú ìwé apẹja tí kò rí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 oṣù Kẹfà

Búrẹ́dì ti tún kéré sí i, iye rẹ̀ sì ti tún ga sí i. Láìpẹ́, owó nìkan la ó máa gbé lọ, a ò ní gbé nǹkan kan bọ̀.

Mo gbé kọ̀ǹpútà náà ti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Ẹ̀gbọ́n kí èmi náà lè máa ṣọ́ wọn. Mo tẹ "ìrora", mo sì kùn pé, "Ẹ wò ó, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò kọ ọ́ sí ibì kankan."

Wọ́n yí orí kúrò lójú ògiri. Wọ́n wo àpótí funfun náà, wọ́n wo òfìfo tó wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n sì rẹ́rìn-ín! Ẹ̀rín wọn gan-an, tó ń ti imú jáde. Wọ́n fi ọwọ́ òsì gbá mi lọ́wọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì bí ẹni gbá ọmọ kúrò nídìí ẹran.

"Kí ló dé? Kí ni kí n kọ?"

Ẹnu wọn là, kò sí nǹkan kan tó jáde. Ojú wọn yí padà, wọ́n sì kọjú sí ògiri.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n kò lè sọ ọ́. Ẹni tó lè sọ ọ́ kò mọ̀ ọ́n. Ìdílé wa nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù Kẹfà

Kò síná. Òjò. Orúnkún.

Ọjọ́ Ajé, 23 oṣù Kẹfà

Mo kó ìlà díẹ̀ tí mo rí lọ sílé ìwòsàn. Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan: "Ẹ fọ ọwọ́..." Ètè Ẹ̀gbọ́n mì. Mo rí i, Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ rí i. Àmọ́ ohùn ò bá a jáde.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa Ẹ̀gbọ́n lé ọkùnrin tó ń bá wọn na apá lọ́wọ́. Apá Irin ni mo fún un lórúkọ. Ó gbé apá ọ̀tún yẹn sókè díẹ̀, òógùn sì bo Ẹ̀gbọ́n lójú. Wọ́n fi eyín há ètè. Ojú wọn ń wá ilẹ̀kùn kiri. N kò rí i kí ẹ̀rù ba Ẹ̀gbọ́n mi rí láyé, àwa tí a jọ dàgbà nínú ilé tí òrùlé rẹ̀ ti ṣí lẹ́ẹ̀kan lójú wa.

Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ sìn mí dé ìta. "Ẹ tún wá a sí i, bàbá. Ó kù díẹ̀. Ẹ̀rù ló di ẹnu yẹn báyìí, kì í ṣe àìsàn nìkan."

Ọjọ́ Ẹtì, 27 oṣù Kẹfà

Alága dé pẹ̀lú àbọ̀ ìgbìmọ̀. Òun nìkan ló wà nínú ìgbìmọ̀ náà, síbẹ̀ wọn ò fohùn ṣọ̀kan. Ó sọ̀rọ̀ títí tíì fi tutù. Ìyàwó mi gbé àgboòrùn lé e lọ́wọ́, ó ní òjò ń bọ̀, kó má lọ bá a lọ́nà. Òrùn ń ràn gan-an ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù Keje

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ńlá àti kékeré ti sú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohunkóhun tó lè wà ní yàrá ìbímọ: ọṣẹ, ìnura, omi. "Omi" kó àwọn ìlà jáde lọ́pọ̀, mò ń kà wọ́n lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àfi bí mo ṣe kan èyí nínú fáìlì tí wọ́n pè ní "Tuntun ti tẹ́lẹ̀":

"Ọkọ ìyàwó tó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà kò wúlò, àmọ́ kò ṣeé lé. Àbúrò mi ọkùnrin dúró bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́bí rẹ̀. Ó pe ọ̀rọ̀ tí a kì í pè ní yàrá yìí, ó sì pè é kíkankíkan. Mo rán an lọ pọn omi. A ò nílò omi. Nígbà tó gbé e dé, mo ní kò tó."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo rántí kànga yẹn. Mo rántí garawa yẹn, bí okùn rẹ̀ ṣe gé mi lọ́wọ́, bí mo ṣe ń sáré, tí mo ń rò pé ọwọ́ mi ni ẹ̀mí ìyàwó àti ọmọ mi wà. Títí di òní olónìí, tí àkọ́bí wa bá ṣe ohun tó dùn mọ́ mi, mo máa ń sọ fún un pé, "Èmi ni mo pọn omi tí wọ́n fi gbẹ̀bí ẹ."

Mo pe ìyàwó mi láti ilé ìdáná. Ó ka ìlà náà, ẹ̀rín sì mú kó jókòó kó má baà ṣubú.

"Ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni, Baálé mi? Omi yẹn la fi fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó mọ́ o!"

"O mọ̀ láti ìgbà yẹn, o ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀ ń fi yangàn. Mo ní kí n má bà á jẹ́."

Mo dúró kí ẹ̀rín rẹ̀ tán. "Ọ̀rọ̀ wo ni mo pè?"

"Ẹ ń pariwo pé, 'Ṣé ìrora náà pọ̀ gan-an?' Ha! Ọkọ mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ìyẹn. Nọ́ọ̀sì kan pè é lójú mi, wọ́n ní kó lọ dúró síta."

"Kí ni wọ́n ń pè é nígbà náà?"

Ẹ̀rín tán lójú ìyàwó mi. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó dàbí pé inú ara rẹ̀ ló ti lọ gbé e wá fún mi. "Àlejò," ló wí. "Wọ́n ní, 'Àlejò ń bọ̀.'"

"Láti ọjọ́ yìí wá! O sì wà nínú ilé yìí!"

"Ẹ ò bi mí," ni ìyàwó mi wí, ó ti ń padà sídìí ìkòkò rẹ̀. "Ẹ̀rọ lẹ̀ ń bi."

Ọjọ́rú, 2 oṣù Keje

"Àlejò" kún inú ibẹ̀. Mo ti rí i kọjá lójú mi nígbà púpọ̀, mo rò pé ìtàn àwọn tó wá kí aláboyún ni. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ èyí jáde:

"Nígbà tí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, obìnrin náà á fẹ́ sá. Níbo ló fẹ́ sá lọ? Òun ni ilé náà. Ẹ má pe orúkọ àlejò yẹn gan-an, torí ẹni tá a bá pè lórúkọ máa ń fa àga jókòó. Ẹ di ọwọ́ obìnrin náà mú, kí ẹ sọ fún un pé: Àlejò ń bọ̀. Má bá a jà. Má tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Mí. Bó pẹ́, bó yá, á lọ. Ẹ máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ títí òun náà á fi máa bá yín sọ ọ́. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn ló ń gbé ẹ̀bùn dání."

Mo ti ka ìwé ọlọ́gbọ́n púpọ̀ láyé mi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ì bá wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ ká ní àwọn tó kọ wọ́n ti bá Ẹ̀gbọ́n ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan.

N kò tíì kà á fún wọn. Mo fẹ́ kà á, mo dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá wọn, mo padà. Bí èyí náà bá kùnà, kò sí òmíràn mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù Keje

Mo sọ fún Olùkọ́ Ọ̀rọ̀, ó ní kí a má dúró de àkókò ẹ̀kọ́. Ká lọ bá wọn níbi tó ti le. A jọ wọ yàrá Apá Irin.

Ó gbé apá náà. Òógùn náà dé, ojú Ẹ̀gbọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀kùn. Mo di ọwọ́ òsì wọn mú. Ìwé tí mo kọ ọ́ sí wà lápò mi, n kò lè fà á yọ, àkọ́sórí ni mo kà á.

"Àlejò ń bọ̀."

Ojú wọn fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó wá sọ́dọ̀ mi.

"Ẹ má bá a jà. Ẹ má tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ mí."

Wọ́n mí. Mo gbọ́ ọ, ó jìn bí ìgbà tí èèyàn sọ garawa sí kànga. Apá Irin ń gbé apá yẹn lọ sókè díẹ̀díẹ̀.

"Bó pẹ́, bó yá..."

Mo dákẹ́. Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ di ẹnu ara rẹ̀ mú. Ètè Ẹ̀gbọ́n mì, ó dúró, ó tún mì. Ọwọ́ wọn fún tèmi títí egungun fi ké.

"...á lọ."

Ohùn náà ti ha, ó sì kéré, àmọ́ tiwọn ni. Apá ọ̀tún wà lókè, ó kọjá èjìká. Apá Irin alára kò mọ ìgbà tó gbé e débẹ̀. Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ kọjú sí ògiri, ó ń to páálí tí ó ti tò tẹ́lẹ̀. Nǹkan kan kó sí èmi náà lójú.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Ẹ̀gbọ́n wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ó tó," ni wọ́n wí. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn gan-an nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù Keje

Wọ́n sọ "mí" lónìí, wọ́n sọ "ọwọ́". Wọ́n ń bínú tí èyí tí wọ́n ń wá kò bá jáde. Ìbínú náà dùn mọ́ wa ju ojú ògiri lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 oṣù Keje

Alága wá. Ó ń ṣàlàyé pé ìlànà ìgbìmọ̀ òun ló so èso. Ẹ̀gbọ́n tẹ́tí sí i dáadáa. Wọ́n wá yíjú sí ìyàwó mi, wọ́n fi sùúrù sọ ọ́, bí ẹni ń tu aláboyún nínú: "Bó pẹ́... bó yá... á lọ."

Ìyàwó mi sá wọ ilé ìdáná. Alága ní àdúrà tó wọnú ni, ó ṣe àmín.

Ọjọ́rú, 23 oṣù Keje

Ẹ̀gbọ́n rìn láti ibùsùn dé fèrèsé pẹ̀lú ọ̀pá. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Omi." Mo sáré bu omi sínú ife. Mo ti gbé e dé iwájú wọn kí n tó rí bí èjìká wọn ṣe ń mì. Wọn ò fẹ́ omi. Wọ́n ti mọ̀ pé mo ti ka fáìlì yẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 oṣù Keje

Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀: Ìyá kò ní fi àyè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀kọ́ ń bá a lọ. Ó bẹ̀ mí pé kí n tẹ ọ̀rọ̀ àlejò yẹn fún òun lórí bébà. Mo ní kó bi ẹni tó ni ín. Ẹ̀gbọ́n fi orí jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, bí ọba tó ń fúnni nílẹ̀.

Òjò bá wa lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a dé. A ò lo àga onítáyà mọ́. Ẹ̀gbọ́n fẹsẹ̀ ara wọn gun àtẹ̀gùn, ìyàwó mi ń tẹ̀lé wọn, èmi ni mo kẹ́yìn. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ òsì, orúnkún yìí há. Mo gbá ògiri mú, n kò mọ ìgbà tí mo ké:

"Yéè! Irú ìrora wo rèé!"

Ọ̀pá dúró lókè. Ẹ̀gbọ́n yí padà díẹ̀díẹ̀, òjò ń kán láti etí aṣọ orí wọn. Wọ́n wá ọ̀rọ̀ náà, mo rí i bí wọ́n ṣe ń wá a, láti inú fáìlì dé inú fáìlì. Kò sẹ́ni tó bá wọn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

"A kì í... pè é," ni wọ́n wí. Wọ́n mí. "Lọ pọn omi."

Mo rọra yí padà nínú òjò, mo lọ gbé garawa. A ò nílò omi.